"Já", "Ṣọ́ọ̀tì" àti "Dógùn-ún": Èdè Àwọn Rìwáyà nínú Ìwádìí Àléébù Wáyà Ilẹ̀kùn Ọkọ̀

Ìfáárà

Bí gíláàsì ilẹ̀kùn ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò gòkè, tí lọ́ọ̀kì rẹ̀ náà kò sì dáhùn mọ́, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé "ọpọlọ ilẹ̀kùn ti bàjẹ́". Àpótí kékeré tí ó ń gba àṣẹ láti ara bọ́tìnnì, tí ó sì ń pín iná fún mọ́tò gíláàsì àti lọ́ọ̀kì, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn yìí máa ń ná olọ́kọ̀ lówó lásán, nítorí pé tòkunbọ̀ tí a rà dípò rẹ̀ lè má bá ọkọ̀ ṣiṣẹ́ àyàfi tí a bá fi kọ̀ǹpútà mú un bá a mu. Èròǹgbà iṣẹ́ yìí ni láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ó wà lẹ́nu àwọn rìwáyà ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ lè tọ́ ọmọṣẹ́ sọ́nà kí ó tó dá ọpọlọ lẹ́bi.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà

Wáyà ilẹ̀kùn gba inú rọ́bà kan tí ó wà láàrin òpó ọkọ̀ àti ilẹ̀kùn kọjá. Ìgbàkígbà tí a bá ṣílẹ̀kùn ni ó ń tẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, bàbà inú rẹ̀ lè "já" kí awọ òde rẹ̀ má là. Bí a bá rọra fà á, yóò nà bíi rọ́bà.

Bí awọ náà bá là, tí bàbà kan ara ọkọ̀, ó ti "ṣọ́ọ̀tì" nìyẹn. Fíúùsì yóò jó. Ẹni tí ó bá fi fíúùsì 30 rọ́pò 20 ti fi wáyà fún iná jó.

"Dógùn-ún" ni ó ṣòro jù, ìlú méjèèjì sì wà létí ọ̀sà, níbi tí ọ̀rinrin kì í jìnnà. Wáyà tí ẹnu rẹ̀ dógùn-ún kò já. Mítà lè fi fólítì 12 hàn níbẹ̀, síbẹ̀ gíláàsì kò ní mira. Ibí ni ọmọṣẹ́ ti ń ṣìnà: "iná wà" yàtọ̀ sí "iná tó". Nítorí náà, kí ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì nígbà tí mítà wà láàrin ẹ́ẹ̀tì ọpọlọ àti orí nẹ́gétíìfù bátìrì. Bí fólítì ibẹ̀ bá ju 0.2 lọ dáadáa, ẹ́ẹ̀tì ni kí a tún ṣe.

Ó ku wáyà méjì tí a lọ́ mọ́ra, tí ọpọlọ fi ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé. Bosch ti ilẹ̀ Jámánì ni ó gbé ìlànà yìí jáde ní 1986. A kì í fi gílóòbù ìdánwò kàn wọ́n. Mítà ni a ń lò. Bí méjèèjì bá pé, tí iná àti ẹ́ẹ̀tì sì tó lẹ́nu iṣẹ́, nígbà náà ni rìwáyà tó lè sọ pé ọpọlọ ti bàjẹ́.