Ẹrẹ̀ Ìsàlẹ̀ Adágún

Bí a bá bu omi odò sínú ìkòkò lásìkò òjò, omi náà á rú. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, omi á tòrò, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á sì silẹ̀. Kò sí ará Ṣakí tí kò mọ èyí.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú adágún. Lọ́dọọdún ni àgbàrá ń gbé ẹrẹ̀ àti ewé wọ inú rẹ̀. Ẹrẹ̀ ọdún yìí á gorí ti èṣí, ti èṣí á wà lórí ti ìdúnta.

Adágún ńlá kan wà ní ilẹ̀ Gánà, nítòsí ìlú Kumasi. Bosumtwi ni orúkọ rẹ̀. Odò kankan kì í ṣàn jáde nínú rẹ̀. Òjò ló ń kún un, oòrùn ló ń fà á gbẹ. Bí òjò bá pọ̀, á kún; bí òjò bá wọ́n, á fà.

Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi irin oníhò gbẹ́ ìsàlẹ̀ adágún náà, wọ́n sì fa ẹrẹ̀ rẹ̀ jáde. Ẹrẹ̀ ọ̀hún to ìpele lórí ìpele, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Wọ́n ń kà á ní ọdún kọ̀ọ̀kan, bí àwa náà ti ń ka ojú ìwé yìí.

Kí ni wọ́n kà níbẹ̀? Láti nǹkan bí ọdún 1400 títí dé nǹkan bí 1750, ọ̀dá mú ilẹ̀ náà. Adágún fà tó bẹ́ẹ̀ tí igi fi hù níbi tí omi wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí òjò padà, omi bo àwọn igi náà. Òkú wọn ṣì wà lórí ìdúró nínú omi. Ọ̀dá àwọn ọdún 1970, tó pa ọ̀pọ̀ màlúù ní ilẹ̀ Mali àti Niger, kò pẹ́ tó ìyẹn rárá.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ilẹ̀ ọ̀dàn ni tiwa. Ojú òjò ni iṣu àti àgbàdo wa ń wò. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí lè tún ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a máa tọ́jú ọkà sínú àká. Ẹ má jẹ́ kí a gé igi etí odò. Ẹ má jẹ́ kí a jẹ irúgbìn wa tán.

Ìbéèrè

1. Kí ló ń mú kí Bosumtwi kún?
2. Báwo ni igi ṣe dé inú omi?
3. Kí ni ẹ lè ṣe nílé yín kí ọ̀dá tó dé?