Nígbà tí táìsì ilẹ̀ bá ń dún bí ìlù: Bí onílé àti onítáìsì ṣe lè parí ìjà wọn

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òwe yìí kan gbogbo ẹni tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ jẹun, pàápàá àwọn tó ń bá èèyàn ṣe ilé: onítáìsì, bíríkìlà, káfíńtà àti onípéǹtì. Ẹnu ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ fún rí ni iṣẹ́ mìíràn ti ń wá bá wọn. Bí onílé kan bá bínú, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́, onítáìsì náà kò sì ní mọ iye iṣẹ́ tó ti fò ó ru.

Àpẹẹrẹ kan rèé. Obìnrin oníṣòwò kan kọ́ ilé sí Ìkòròdú. Pálọ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 6, ó sì gùn tó mítà 6. Táìsì 60 sí 60 ni wọ́n lò, 100 ló gba inú pálọ̀ náà, ìyẹn páálí 25, nítorí mẹ́rin ló wà nínú páálí kan. Páálí kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦12,000. Owó iṣẹ́ tí wọ́n dúnàádúrà sí jẹ́ ₦120,000. Obìnrin náà san ₦80,000, ó ku ₦40,000. Ẹnu lásán ni wọ́n fi ṣe gbogbo àdéhùn náà.

Oṣù méjì lẹ́yìn tó kó wọlé, ó kíyè sí i pé bí bàtà bá kan ilẹ̀ níbì kan, ó ń dún bí ìlù. Nígbà tó yá, táìsì méjì sán lábẹ́ ẹsẹ̀ àga. Ó pe onítáìsì lórí fóònù.

“Ọ̀gá, ẹ wá wo iṣẹ́ tí ẹ ṣe fún mi o.”

“Ẹ má bínú, mà. Iṣẹ́ tèmi dáa. Sìmẹ́ǹtì tí ẹ rà ni kò dáa. Ẹ tiẹ̀ ṣì jẹ mí ní ₦40,000.”

Ọ̀rọ̀ di ariwo. Obìnrin náà ní òun yóò fi ọlọ́pàá gbé e. Ọkùnrin náà pa fóònù rẹ̀. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì ni yóò pàdánù: ilẹ̀ yóò máa bàjẹ́ sí i, onítáìsì kò ní rí ₦40,000 rẹ̀ gbà. Àbúrò obìnrin náà tó ti ń kan òrùlé ilé tirẹ̀ lọ́wọ́ kò sì ní pe onítáìsì yìí láéláé.

Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí wọ́n ṣe kọ́ ni kí wọ́n máa wá ẹni tó jẹ̀bi. Kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ohun tó bàjẹ́, kí wọ́n mọ bó ṣe pọ̀ tó. Agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, onílé àti onítáìsì gbọ́dọ̀ jọ wà níbẹ̀. Ó sì dára kí onítáìsì kẹta tí kò bá ẹnì kankan nínú wọn tan wà pẹ̀lú wọn.

Kí wọ́n mú kọ́ìnì tàbí ìdí screwdriver, kí wọ́n máa fi kan táìsì kọ̀ọ̀kan níyè, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ní àárín. Èyí tó bá lẹ̀ dáadáa yóò dún kì. Èyí tí àlàfo wà lábẹ́ rẹ̀ yóò dún bí ìlù. Kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí gbogbo èyí tó ń dún bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kà á, kí wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ yìí, wọ́n rí 25 nínú 100. Ọ̀rọ̀ “gbogbo ilẹ̀ mi lo bàjẹ́” àti “kò sí nǹkan tó ṣe é” ti parí níyẹn. Iye kan ló ti wà nílẹ̀.

Àmọ́ ìró nìkan kò tó láti fi dájọ́. Ó ń fi hàn pé àlàfo wà, kò sọ ohun tó fà á. Kí wọ́n yọ méjì tàbí mẹ́ta nínú èyí tí wọ́n sàmì sí, kí wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn táìsì kì í parọ́.

Bó bá jẹ́ pé ìṣù sìmẹ́ǹtì márùn-ún péré ló wà lẹ́yìn rẹ̀, mẹ́rin ní igun, ọ̀kan ní àárín, tí ibi tó kù ṣófo, ọwọ́ onítáìsì ni ẹ̀bi wà. Ìlànà ANSI A108 tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà sọ pé ohun tí wọ́n fi lẹ táìsì gbọ́dọ̀ bo ó kéré tán ìdá 80 nínú 100 ẹ̀yìn táìsì nínú yàrá tí omi kì í dé, àti ìdá 95 nínú 100 níbi tí omi ń dé, bíi balùwẹ̀. Ìṣù márùn-ún kò lè dé ibẹ̀.

Bí ẹ̀yìn táìsì bá mọ́ tónítóní bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú páálí, tí sìmẹ́ǹtì sì dúró sílẹ̀, a jẹ́ pé sìmẹ́ǹtì kò gbá táìsì mú. Èyí wọ́pọ̀ lára táìsì porcelain. Omi tó lè fà kò ju ìdá 0.5 nínú 100 ìwúwo rẹ̀ lọ, nítorí náà sìmẹ́ǹtì lásán kì í ríbi wọ inú rẹ̀. Gọ́ọ̀mù táìsì, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú inú àpò tí wọ́n ń fi omi pò, ló yẹ fún un.

Bí sìmẹ́ǹtì tàbí gọ́ọ̀mù bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn táìsì dáadáa, tó jẹ́ pé iyanrìn ilẹ̀ ló bá a wá, ilẹ̀ tí bíríkìlà ṣe tẹ́lẹ̀ ni kò lágbára, tàbí kí onítáìsì má gbá eruku rẹ̀ kúrò. Bí táìsì bá gbé orí sókè láàárín pálọ̀ bí àgọ́, tí ti ẹ̀gbẹ́ ògiri sì fún mọ́ ògiri pinpin, wọn kò fi àyè sílẹ̀ fún un láti fẹ̀ nígbà ooru. Bí ojú sísán bá sì gba orí táìsì mẹ́rin tàbí márùn-ún kọjá gbọọrọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ilẹ̀ ilé fúnra rẹ̀ ló sán. Ìyẹn kọjá ẹjọ́ onítáìsì nìkan.

Ta ló ni ẹ̀bi?

Ọ̀pọ̀ onítáìsì máa ń sọ pé, “Onílé ló ra ọjà, tèmi ni kí n tẹ́ ẹ.” Ọ̀rọ̀ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Onílé kò mọ ìyàtọ̀ láàárín táìsì kan àti èkejì. Torí kí onítáìsì lè mọ̀ ọ́n fún un ló ṣe ń sanwó fún un. Bí onílé bá kọ̀ láti ra gọ́ọ̀mù nítorí owó, kí onítáìsì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù kó tó fọwọ́ kan iṣẹ́: “Mà, mo ti sọ fún yín pé táìsì yìí ń fẹ́ gọ́ọ̀mù. Ẹ ní kí n lo sìmẹ́ǹtì.” Àtẹ̀jíṣẹ́ kékeré yẹn lè gbà á lọ́jọ́ ìjà.

Onílé náà ní ẹ̀bi tirẹ̀ nígbà mìíràn. Ẹni tí wọ́n ní kó má tẹ ilẹ̀ fún wákàtí 24, tó ní kí wọ́n gbé àga wọlé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò lè di gbogbo ẹ̀bi ru ẹlòmíràn.

Òfin kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Abala 130 nínú òfin Federal Competition and Consumer Protection Act ti ọdún 2018 sọ pé ẹni tó sanwó iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ tó dára tó bí èèyàn ṣe lè retí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó lè ní kí oníṣẹ́ tún un ṣe, tàbí kó dá apá kan owó padà ní ìwọ̀n bí iṣẹ́ náà ṣe kù díẹ̀ káàtó tó. Kí oníṣẹ́ fi etí sí “ní ìwọ̀n”. Táìsì 25 kò sọ pé kó dá owó táìsì 100 padà.

Ẹ gbé ìṣirò síwájú ìbínú

Bí ẹ̀yìn táìsì bá ti fi hàn pé ọwọ́ onítáìsì ló fà á, ọ̀nà méjì ló wà.

Àkọ́kọ́ ni kí onílé pe ẹlòmíràn. Páálí 7 ni yóò rà, ìyẹn táìsì 28, kí mẹ́ta lè wà fún èyí tó bá fọ́. Ìyẹn ₦84,000. Gọ́ọ̀mù, ₦20,000. Owó iṣẹ́ ẹni tó máa yọ ti tẹ́lẹ̀ tó sì máa tẹ́ tuntun, ₦46,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦150,000. Bí wọ́n bá yọ ₦40,000 tó wà lọ́wọ́ onílé kúrò, onítáìsì àkọ́kọ́ yóò san ₦110,000.

Ọ̀nà kejì ni kí onítáìsì náà fúnra rẹ̀ tún un ṣe. Yóò ra táìsì àti gọ́ọ̀mù ní ₦104,000, yóò fi agbára ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, yóò sì gba ₦40,000 rẹ̀ bó bá parí. Owó tó jáde lápò rẹ̀ jẹ́ ₦64,000. Ó fi ₦46,000 dín sí ti àkọ́kọ́, ó sì dá oníbàárà dúró. Oníṣẹ́ tó bá jókòó ṣe ìṣirò yìí kò ní pa fóònù rẹ̀.

Ohun kan wà tó máa ń da ètò yìí rú: ìfura. Onílé ń rò pé bí òun bá san ₦40,000, onítáìsì kò ní padà wá. Onítáìsì ń rò pé bí òun bá tún un ṣe, onílé kò ní sanwó. Kí wọ́n gbé owó náà sọ́wọ́ ẹni tí àwọn méjèèjì fọkàn tán, bíi alága àdúgbò tàbí olórí ẹgbẹ́ onítáìsì, kí ẹni náà san án lọ́jọ́ tí wọ́n bá kan ilẹ̀ wò tí ìró ìlù kò sí mọ́.

Kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: iye táìsì tí wọ́n máa yọ, ẹni tó máa ra ọjà, ọjọ́ tí iṣẹ́ máa parí, ibi tí ₦40,000 wà, àti iye owó tí onítáìsì máa san bí kò bá ṣe é. Kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i pẹ̀lú ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan.

Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá agbára wọn

Àgọ́ ọlọ́pàá kọ́ ni ibi tó kàn. Abala 32 nínú òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú èèyàn kìkì nítorí pé ó yẹ àdéhùn. Ọ̀tọ̀ ni ti ẹni tó gba owó ọjà tó sì sá lọ láì ní i lọ́kàn láti ṣiṣẹ́. Ìyẹn ti di jìbìtì.

Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ilé ìlàjà ìjọba tí wọ́n ń pè ní Citizens' Mediation Centre ti wà láti ọdún 1999. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó ní ẹ̀sùn yóò lọ sọ tẹnu rẹ̀, wọn yóò kọ ìwé pe ẹnì kejì, wọn yóò sì jókòó ti àwọn méjèèjì. Wọn kì í dájọ́, wọ́n ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti fohùn ṣọ̀kan ni. Ibẹ̀ ni fọ́tò, rìsíìtì àti àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù ti máa ń wúlò.

Bí ìlàjà kò bá ṣeé ṣe, kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó kékeré, ìyẹn Small Claims Court, bẹ̀rẹ̀ ní Èkó lọ́dún 2018. Ó ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, èèyàn lè ro ẹjọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ láìgba lọ́yà, ìlànà rẹ̀ sì fẹ́ kí ìdájọ́ wáyé láàárín ọjọ́ 60. Kí èèyàn tó lọ, ó gbọ́dọ̀ ti kọ ìwé béèrè owó náà ránṣẹ́ sí ẹnì kejì. Ohun kan ni kí wọ́n kíyè sí: iye owó tó dájú ni kóòtù yìí ń gbà. “Ó ba ilé mi jẹ́” kì í ṣe iye owó. “Ó fọwọ́ sí i pé òun yóò san ₦110,000 bí òun kò bá tún un ṣe” ni iye owó. Ìdí nìyẹn tí ìwé tí wọ́n jọ fọwọ́ sí fi ṣe pàtàkì.

Kí iṣẹ́ mìíràn tó bẹ̀rẹ̀

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Onítáìsì tó fẹ́ sùn dáadáa, kó máa lo ìwé ojú kan fún gbogbo iṣẹ́, bó ti wù kó kéré tó. Kó kọ irú táìsì àti ohun tí wọ́n máa fi lẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀. Kó kan ilẹ̀ tí bíríkìlà ṣe wò kó tó gba iṣẹ́, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó sì sọ bí kò bá dára. Kó kọ ọjọ́ tí wọ́n lè tẹ ilẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n lè gbé àga lé e. Kó kọ iye oṣù tí òun yóò fi dúró ti iṣẹ́ òun. Kó fi díẹ̀ nínú owó iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ onílé títí wọn yóò fi jọ kan ilẹ̀ náà wò. Onílé tó rí irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dúnàádúrà pọ̀.

Ní ti pálọ̀ Ìkòròdú yẹn, ₦64,000 ni yóò ná onítáìsì náà tó bá gbé fóònù rẹ̀. Bó bá pa á, ₦110,000 ló lè dé ọrùn rẹ̀, àti ilé àbúrò obìnrin náà tí òrùlé rẹ̀ ti fẹ́ parí.