Ilẹ̀ Balùwẹ̀ Tó Ń Yọ̀

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lóṣù yìí lè pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, kí ló kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ balùwẹ̀? Ó kàn wá o. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa, tó ń ta gàrí àti ẹ̀wà, wọlé wẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ yọ̀, ó ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Oṣù mẹ́rin ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fi wà ní títì. Owó tó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kò ṣeé san mọ́, àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì ló ń san án díẹ̀díẹ̀, inú wọn kò sì dùn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Nígbà tí a lọ kí i nílé, a wo balùwẹ̀ náà. Ìdílé márùn-ún ló ń lò ó. Omi dúró sí igun kan, ilẹ̀ ibẹ̀ ti hu nǹkan aláwọ̀ ewé, ó ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú ilé náà. Ṣùgbọ́n kálukú ń sọ pé kì í ṣe òun nìkan ló ń wẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀ ni pé kì í ṣe ìdọ̀tí ló ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀ràn yìí. Omi tí kò rọ́nà lọ ni. Níbi tí omi bá ti dúró, ọṣẹ àti epo ara á dà pọ̀ mọ́ ọn, nǹkan aláwọ̀ ewé á sì hù. Bí a fọ̀ ọ́ lónìí, tí omi tún dúró lálẹ́, kò ní í pẹ́ tí yóò tún padà.

Àwọn baba ńlá wa ní Ifẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ omi àti ilẹ̀. Ní 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tẹ́ ilẹ̀ fún ilé kíkọ́ ní Ìta Yemòó bá àwọn ère kan pàdé nínú ilẹ̀. Frank Willett walẹ̀ ibẹ̀, ó sì bá ilẹ̀ tí a fi àpáàdì tẹ́. Wọn kò kàn da àpáàdì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé e nàró, ọ̀kan fara ti èkejì, wọ́n sì to irú èyí mìíràn nílùú yìí bí egungun ẹja. Ó ti lé ní 500 ọdún. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọ̀ọ̀ni, ló pàṣẹ iṣẹ́ náà, torí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan òun lẹ́sẹ̀. (Ká ní ó wọ balùwẹ̀ àwọn kan nínú wa ní agbègbè Ẹnuwá yìí, a ò mọ ohun tí ì bá sọ.) Ẹ ṣàkíyèsí pé ojú àpáàdì náà kò dán. Ẹsẹ̀ ń rí nǹkan dì mú níbẹ̀.

Tiwa ńkọ́? Bíríkìlà á tẹ́ sìmẹ́ńtì tán, á wá bu sìmẹ́ńtì gbígbẹ wọ́n ọn, á fi trowel dán an títí yóò fi máa kọ mọ̀nà, a ó sì yìn ín. Ó dára ní pálọ̀. Nínú balùwẹ̀, pàkúté ni. Ẹ sọ fún un pé kó fi ìgbálẹ̀ fa ojú rẹ̀ kó tó gbẹ. Sìmẹ́ńtì kan sí yanrìn mẹ́ta ni kó pò. Kó jẹ́ kí ilẹ̀ dà sí ọ̀nà ihò omi, ìdámẹ́rin íǹṣì nínú ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, kí ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ méje. Ibẹ̀ la ti sábà máa ń kánjú. Ọjọ́ kejì ni a ti ń gbé korobá wọlé, tí ilẹ̀ bá wá sán, a ó ní bíríkìlà jí sìmẹ́ńtì.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí tirẹ̀ ti rí, kó da korobá omi kan sílẹ̀, kó lọ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ibi tó bá bá omi lójú kan ni kó tún ṣe.

Iṣẹ́ ojoojúmọ́ kò pọ̀. Ẹni tó bá wẹ̀ tán, kó da omi tó mọ́ sílẹ̀ kí ọṣẹ lè bá a lọ, kó fi ìgbálẹ̀ gbá èyí tó kù sí ihò, kó ṣa kànrìnkàn tó já àti irun orí kúrò lẹ́nu ihò, kó sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Ìgbálẹ̀ balùwẹ̀ yàtọ̀ o, ẹ má mú u lọ gbá ìdí àdògán.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì líle àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Eérú èèpo kòkó, èyí tí à ń fi ṣe ọṣẹ dúdú, náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, torí ó ń gé epo. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ ọwọ́ tó ní egbò. Yanrìn díẹ̀ kò ba sìmẹ́ńtì jẹ́, àmọ́ yóò ha tẹ́rásò. Bí nǹkan aláwọ̀ ewé bá ti pẹ́ níbẹ̀, ẹ po ife bilíìṣì kan, irú JIK tàbí Hypo, mọ́ ife omi mẹ́sàn-án, ẹ dà á síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tó fọ̀ ọ́ kí ẹ sì ṣàn án.

Níbí yìí, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ẹ má ṣe po bilíìṣì mọ́ ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbẹ́ láéláé. Àwọn kan rò pé méjì á lágbára ju ọ̀kan lọ. Gáàsì klórínì ló ń jáde níbẹ̀, òun náà ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí àwọn ọ̀tá wọn ní Ypres, ní Belgium, ní oṣù kẹrin 1915. Nínú balùwẹ̀ tóóró, kò sí ibi tí ẹ ó sá sí. Ìtọ̀ náà ńkọ́? A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń tọ̀ sí balùwẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ ní í jẹ́wọ́. Òun àti bilíìṣì náà ń mú èéfín tó ń ta ni lójú àti lọ́fun jáde. Nítorí náà, ẹ fi omi ṣan ilẹ̀ ná. Bí èéfín bá sì ta yín, ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ bọ́ síta kíá. Ẹni tí èémí rẹ̀ kò bá já geere, kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù.

Ásíìdì nìkan gan-an kò dára fún ilẹ̀. Bó bá ti ń hó ṣùùṣùù, inú wa á dùn pé ìdọ̀tí ń jáde. Sìmẹ́ńtì ló ń jẹ. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ náà ń jẹ òkúta mábù inú tẹ́rásò.

Ní ilé ìyá tí a ń wí, ìdílé márààrún dá owó, bíríkìlà ha ilẹ̀ àtijọ́ kúrò, ó tẹ́ òmíràn, ó sì kan irin mọ́ ògiri tí àgbà lè dì mú. Ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n tó wẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ti pín ọ̀sẹ̀ fífọ̀ láàárín ara wọn, orúkọ ẹni tó kàn wà lára ilẹ̀kùn. Ìyá ti padà sọ́jà, ọ̀pá ló fi ń rìn. Oṣù tó kọjá ló san owó ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tó ti ṣubú.