Ní Skye, Orúkọ Òkè Ni Afinimọ̀nà

Ẹni tó bá gba orí afárá wọ erékùṣù Skye, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Scotland, á rí i pé orúkọ méjì-méjì ló wà lára ọ̀pọ̀ pátákó ojú títì: ọ̀kan ní Gẹ̀ẹ́sì, èkejì ní èdè Gaelic. Ọ̀pọ̀ àlejò kì í wo ti Gaelic lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí wọ́n sì ń pàdánù kò kéré. Ti Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń jẹ́ ìró lásán. Ti Gaelic ló ń sọ bóyá òkè tó wà níwájú mú ṣóńṣó, bóyá omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àti ibi tí ẹsẹ̀ lè gbà kọjá.

Ẹ má jẹ́ kí ìkọ̀wé rẹ̀ bà yín lẹ́rù. Àmì tó jọ àmì ohùn ìsàlẹ̀ tiwa yẹn, kò kan ohùn rárá. Ńṣe ló ní kí ẹ fa fáwẹ́lì náà gùn. Bh àti mh sábà máa ń dún bíi v àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìdí nìyẹn tí mòr, ìyẹn ńlá, fi lè di mhòr lẹ́nu wọn, tí ẹ ó máa gbọ́ "vọọ". S tó bá ṣáájú i tàbí e, ṣ tiwa gan-an ni: sìth, tó jẹ́ ti iwin, "ṣii" ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Yorùbá ò ní láàgùn lórí ìyẹn. Ch nìkan ló le díẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun ló ti ń jáde.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló kù tí ẹ ó há sórí. Beinn ni òkè ńlá, sgùrr ni òkè olókùúta tó mú ṣóńṣó, bealach ni ọ̀nà tó gba àárín òkè méjì, allt ni odò kékeré. Coire ni ìkòkò, òun náà ni wọ́n fi ń pe kòtò ńlá tí òkè yí ká. Dubh dúdú, dearg pupa, beag kékeré. Coire Uisg, ìkòkò omi, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ di Coruisk. Ẹ dé ibẹ̀, adágún omi tí òkè Cuillin rọ̀gbà yí ká ni ẹ ó bá. Níbi tí máàpù bá ti kọ bealach, ẹsẹ̀ sábà máa ń rọ́nà gbà. Níbi tó bá ti kọ sgùrr, kí ẹni tí kò mọ òkè gígùn dúró sísàlẹ̀, kó ya fọ́tò. Àpáta Cuillin tún ní òòfà nínú, ó máa ń ṣi abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì lọ́nà, nítorí náà ẹ má gbọ́kàn lé e lókè níbẹ̀.

Ẹsẹ̀ afárá ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kyleakin ni abúlé ibẹ̀, Caol Àcain ní Gaelic: omi tóóró Haakon. Haakon yìí ni ọba Nọ́wè tó kó ọkọ̀ ogun gba ibẹ̀ kọjá lọ́dún 1263, nígbà tí erékùṣù yìí ṣì wà lábẹ́ Nọ́wè. Ọdún 1266 ni wọ́n tó fi àdéhùn Perth gbé e fún Scotland. Lẹ́bàá omi, ẹ ó rí àwókù ilé olódi tí wọ́n ń pè ní Caisteal Maol. Àwọn ará ibẹ̀ ní ọmọbìnrin ọba Nọ́wè kan ló gbé inú rẹ̀, tó na ṣéènì onírin kọjá omi dé òdìkejì, tí ọkọ̀ kankan ò fi lè kọjá láìsanwó. Wọ́n ní nígbà tó kú, orí Beinn na Caillich, òkè Arúgbóbìnrin, ni wọ́n sin ín sí, kí atẹ́gùn tó ń ti Nọ́wè bọ̀ lè máa fẹ́ sí i lára. Òkìtì òkúta ńlá ṣì wà lórí òkè náà, tó fi mítà 732 ga lókè ìlú Broadford. Owó ibodè ọ̀hún ò sì bá ọmọ ọba lọ o! Nígbà tí wọ́n ṣí afárá lọ́dún 1995, wọ́n tún ń gbowó lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀. Ọ̀pọ̀ ará erékùṣù fárígá, àwọn mìíràn dé ilé ẹjọ́ nítorí rẹ̀. Oṣù Kejìlá ọdún 2004 ni ìjọba tó fagi lé e. Ẹ̀yin ò ní san kọ́bọ̀.

Láti ìlú Portree, ẹ forí lé àríwá, ẹ ó rí Bodach an Stòrr lókèèrè kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bodach ni bàbá arúgbó. Stòrr ní tirẹ̀, èdè àwọn ará Nọ́wè àtijọ́ ni, ó túmọ̀ sí ńlá. Òkúta kan ṣoṣo ló dá dúró gbọnrangandan, ó tó nǹkan bí àádọ́ta mítà. Ìtàn tí ẹ ó gbọ́ jù ni pé òmìrán kan ni wọ́n sin síbẹ̀, tí àtàǹpàkò rẹ̀ kò wọlẹ̀ tán. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní tiwọn ní òkúta iná òkè tó wúwo ló jókòó lórí òkúta tí kò lágbára, tí gbogbo rẹ̀ wá yọ̀ ya lulẹ̀. Ẹ bá súnmọ́ ọn, ẹ ó gba wọ́n gbọ́: òkúta náà ń ṣí ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ń já bọ́, èérún rẹ̀ kún ilẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ má gùn ún. Lílọ àti bíbọ̀ láti ibi ìgbọ́kọ̀sí á gbà yín ní wákàtí méjì, bí òjò bá gbà fún yín.

Quiraing, tó wà lókè níwájú, kò yàtọ̀ púpọ̀: ilẹ̀ tó ya ni. Wọ́n ní àárín àpáta rẹ̀ ni àwọn ará àtijọ́ ń kó màlúù pamọ́ sí bí àwọn agbésùnmọ̀mí ojú omi bá dé. Ilẹ̀ náà ò tíì jókòó, títì tó gba Flodigarry kọjá ò yé nílò àtúnṣe.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù wà ní ìwọ̀-oòrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dunvegan: Healabhal Mhòr àti Healabhal Bheag, òkè méjì tí orí wọn tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n ní Alasdair Crotach, olórí ìdílé MacLeod, lọ jẹun láàfin ọba James Karùn-ún, ìjòyè kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣẹ̀sín pé ṣé wọ́n ní irú gbọ̀ngàn báyìí ní Skye. Ó fèsì pé gbọ̀ngàn tòun gbòòrò jù ú lọ, tábìlì òun tóbi jù ú lọ, ọ̀pá àbẹ́là òun sì níye lórí jù ú lọ. Nígbà tí ìjòyè náà dé Skye, orí òkè ni wọ́n tẹ́ oúnjẹ sí fún un, ojú ọ̀run ni òrùlé, àwọn ọmọ ogun MacLeod sì di iná ògùṣọ̀ mú yí wọn ká. Ẹ wá wo èyí: Bheag, ìyẹn kékeré, ga tó mítà 489, Mhòr, ńlá, kò ju 469 lọ. Orí Mhòr ló fẹ̀ jù. Àwọn tó sọ wọ́n lórúkọ, tábìlì ni wọ́n ń wò, wọn ò wo gíga.

Orúkọ mìíràn ò tíì pẹ́ rárá. Sgùrr Alasdair, òkè tó ga jù ní Skye ní mítà 992, Alexander (Alasdair ní Gaelic) Nicolson, ọmọ bíbí erékùṣù náà, ni wọ́n fi sọ ọ́ lẹ́yìn tó gùn ún lọ́dún 1873.

Ti iwin ńkọ́? Ìtàn iwin tó ní gbòǹgbò wà nílé olódi Dunvegan, níbi tí wọ́n tọ́jú Am Bratach Sìth, àsíá iwin, sí. Aṣọ sílíìkì ni, ó ti gbó gan-an, wọ́n sì gbà pé ó lè gba ìdílé MacLeod lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ yẹ ọjọ́ tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn wò, wọn kì í ṣí nígbà òtútù. Ní Fairy Glen lẹ́gbẹ̀ẹ́ Uig, ẹ lè bá òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò roboto sórí koríko. Iwin kọ́ ló tò ó, àwọn àlejò bíi tiyín ni. Àwọn ará ibẹ̀ ló ń ṣe wàhálà kíkó o kúrò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi kún un.

Bọ́ọ̀sì ń lọ láti Glasgow tààrà dé Portree. Ẹni tó fẹ́ràn rélùwéè lè wọ̀ ọ́ ní Inverness dé Kyle of Lochalsh, kó gba afárá kọjá. Ọkọ̀ ojú omi sì ń gbéra láti Mallaig lọ sí Armadale. Ọ̀nà ibẹ̀ pọ̀ tó jẹ́ pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ló gbà, wọ́n wá ṣe ibi ìyàsí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ẹ má gbọ́kọ̀ síbẹ̀. Láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Kẹsàn-án, kantíkantí á bò yín bí atẹ́gùn ò bá fẹ́, ẹ mú òògùn rẹ̀ dání. Ẹ ra máàpù Ordnance Survey alábèébá, torí fóònù kì í gbé níbi púpọ̀. Ọjọ́ Àìkú ṣì lọ́wọ̀ lójú ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ níbẹ̀, àwọn ṣọ́ọ̀bù kan kì í ṣí: ọjọ́ Àbámẹ́ta ni kí ẹ ti ra búrẹ́dì.