Bí A Bá Rán Fóònù Níṣẹ́ Ẹrú

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìránṣẹ́ tó gbọ́n mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó fò, ó mọ èyí tó yẹ kó rọ̀ lóhùn, ó sì mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ kí onílé kí òun tó la ẹnu. Kọ̀ǹpútà tí àwọn ilé ìwòsàn ń lò báyìí láti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí aláìsàn kò ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Bí a bá ṣe rán an ni yóò ṣe jẹ́ ẹ. Nítorí náà, ẹ̀yin onílé ìwòsàn, ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin lẹ máa fi tọmọ sínú iṣẹ́ náà kí ẹ tó fi lé e lọ́wọ́.

N kò ní kí ẹ má lò ó. Nọ́ọ̀sì tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, tó ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́, tó tún ń kọ káàdì, kò lè ráyè pe gbogbo ìyá tí ọmọ rẹ̀ yẹ kó gba àjẹsára ní ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14 àti oṣù 9. Kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé ọjọ́. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè: kí kọ̀ǹpútà máa ṣọ́ ọjọ́, kí ènìyàn máa tọ́jú ènìyàn.

Wọ́n ti dán irú èyí wò ní Kenya. Láàárín ọdún 2007 sí 2009, ilé ìwòsàn mẹ́ta níbẹ̀ ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ oògùn kòkòrò HIV. Kò dárúkọ oògùn, kò dárúkọ àìsàn. “Mambo?” ni wọ́n ń kọ, bí a ṣe ń bi ara wa pé ṣé dáadáa ni. Ẹni tí ara rẹ̀ dá a fèsì bẹ́ẹ̀. Ẹni tí nǹkan ò rọgbọ fún, tàbí tí kò fèsì láàárín wákàtí 48, òṣìṣẹ́ ìlera a pè é. Nínú ènìyàn 273 tí wọ́n ń kí báyìí, 168 ló ní àwọn ń lo oògùn déédéé; nínú 265 tí wọn kò kí, 132 ni. Ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé àbájáde náà jáde ní 2010. Ìkíni ló ṣáájú, ènìyàn ló sì wà lẹ́yìn fóònù.

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́: ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Lọ́jọ́ tí aláìsàn bá gba káàdì, ẹ bi í pé kí ni kí ẹ máa pè é, èdè wo ló fẹ́, àárọ̀ ni àbí ìrọ̀lẹ́. Ẹ má kọ ọ́ sí àgbàlagbà pé “Wá lọ́la, aago 9, má pẹ́.” Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Ẹ káàárọ̀ mà, Màmá Táíwò. Ilé ìwòsàn yín ni o. À ń retí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bí kò bá rọrùn, ẹ fèsì, a ó jọ yan ọjọ́ mìíràn.”

Ìkejì, ẹ ro ti ẹni tí kò lè kàwé. Ẹ rántí pẹ̀lú pé àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá ní ẹ, ọ tàbí ṣ nínú kì í gbà ju lẹ́tà 70 lọ lójú ewé kan, dípò 160, owó rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ bá gùn, tàbí bí aláìsàn kò bá lè kàwé, kí nọ́ọ̀sì tí aláìsàn mọ ohùn rẹ̀ sọ ọ́ sínú fóònù, kí kọ̀ǹpútà gbé ohùn náà lọ.

Ìkẹta, ẹyin lọ̀rọ̀. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọmọ ló ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ fún ìyá àgbà, tọkọtaya sì lè máa lo fóònù kan. Ẹ má kọ orúkọ àìsàn tàbí èsì àyẹ̀wò síbẹ̀. Òfin Ìlera ilẹ̀ Nàìjíríà ti 2014 dáàbò bo àṣírí aláìsàn. Bí èsì bá burú, ojúkojú la fi ń sọ ọ́.

Ìkẹrin, ẹ jẹ́ kí èsì rí ẹni gbà á. Ètò MomConnect tí ìjọba South Africa dá sílẹ̀ fún àwọn aboyún ní 2014 fún wọn láyè láti béèrè ọ̀rọ̀, kí wọ́n sì fi ẹjọ́ ilé ìwòsàn sùn.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ìyá tí oyún rẹ̀ bàjẹ́, tí fóònù ṣì ń kí i kú oríire oyún oṣù méje. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé omijé wà nílé. Ẹni tó mọ̀ ni kò dá a dúró. Ẹ yan òṣìṣẹ́ kan tí yóò yọ orúkọ náà kúrò kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, tí yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ bá ìdílé náà kẹ́dùn.

Ẹ̀yin onílé ìwòsàn, kí ẹ tó rán kọ̀ǹpútà níṣẹ́ sí ẹgbẹ̀rún ènìyàn, ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ìyá tó bí yín. Bí kò bá dùn mọ́ ọn, ẹ tún un kọ.