Sìdíì Ibo Ni? Ìmọ̀ràn Àgbà fún Àwọn Tó Ń Tú Inú Gẹ́èmù Gọ́ọ̀fù Wò

Ọmọ iṣẹ́ tó bá sáré wọ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá àgbà kan tó ń tún ẹ̀rọ gẹ́èmù ṣe ní Mọ́níyà n'Ìbàdàn, tó ń pariwo pé, "Ọ̀gá, mo ti rí kóòdù kan o!", ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa gbọ́: "Sìdíì ibo ni?" Bàbá kì í kọ́kọ́ béèrè ohun tí kóòdù náà ń ṣe. Wọn kì í béèrè bóyá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù fò kọjá odò tàbí ó kó sí ihò lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀ tí wọ́n ṣe ẹ̀dà gẹ́èmù náà fún ni wọ́n fẹ́ mọ̀, torí ohun tí ọmọ náà ń pè ní àṣírí lè jẹ́ ohun tí gbogbo ọmọ Jàpáàn ti ń rí láti ọjọ́ tí gẹ́èmù náà ti jáde.

Láti Ìyànà Ọ̀fà, Ẹgbẹ́dá, Àkànrán àti àwọn abúlé oko tó yí wọn ká làwọn ọ̀dọ́ yìí ti ń wá. Ẹlòmíràn ti kúrò lóko kòkó kó tó dé. Fóònù ni púpọ̀ nínú wọn fi ń gbá gẹ́èmù àtijọ́, àwọn díẹ̀ ní kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́, ojú gbogbo wọn sì ń kán láti rí ohun tí ẹnì kan ò tíì rí.

Ohun àkọ́kọ́ tí Bàbá ń kọ́ wọn kò gba agbára: kí wọ́n wo ara sìdíì. Lẹ́tà mẹ́rin àti nọ́ńbà wà lára sìdíì PlayStation 1 àti 2. SLUS ni ti Amẹ́ríkà. SLES tàbí SCES ni ti Yúróòpù, ti Jàpáàn sì sábà máa ń jẹ́ SLPS tàbí SLPM.

"Èyí tí wọ́n fi báírò kọ orúkọ sí lára lọ́jà ńkọ́, Ọ̀gá?"

"Fi í sínú kọ̀ǹpútà, ọmọ mi."

Fáìlì kékeré kan wà nínú sìdíì náà tó ń jẹ́ SYSTEM.CNF. Òun ló ń sọ fún ẹ̀rọ irú fáìlì tó máa kọ́kọ́ ṣí, orúkọ fáìlì ọ̀hún ló sì gbé lẹ́tà mẹ́rin yẹn dání. Ẹni tó da sìdíì kọ lè lẹ bébà tó wù ú mọ́ páálí rẹ̀, àmọ́ kì í sábà rántí fáìlì yìí.

Gẹ́èmù gọ́ọ̀fù ló dára jù láti fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, torí wọ́n máa ń yí orúkọ padà bí wọ́n bá ti ré òkun kọjá. Gẹ́èmù tó jáde ní Jàpáàn ní 1997 tó ń jẹ́ Minna no Golf, Hot Shots Golf ni Amẹ́ríkà mọ̀ ọ́n sí, Everybody's Golf sì ni ní Yúróòpù. Ìgbà tó di 2017, lórí PlayStation 4, ni Amẹ́ríkà tó gba orúkọ Everybody's Golf. Ọ̀dọ́ tó bá rí orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ẹrù àlòkù lè rò pé gẹ́èmù mẹ́ta lòun rí, kó wá máa fi ọ̀kan ṣàwárí ohun tó wà nínú èkejì. Kò yẹ kó ya ọmọ Ìbàdàn lẹ́nu ṣá, àwa tí a ń pe Pro Evolution Soccer ní Winning Eleven láìbìkítà nípa ohun tí wọ́n kọ sára páálí.

Orúkọ nìkan kọ́ ló ń yí padà. Ní 1991, Nintendo gbé Mario Open Golf jáde ní Jàpáàn pẹ̀lú pápá márùn-ún: Jàpáàn, Ọsirélíà, Faransé, Hawaii àti Ìlú Ọba. Nígbà tó dé Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn kan náà, ó di NES Open Tournament Golf, pápá mẹ́ta péré ló sì wà nínú rẹ̀: ti Amẹ́ríkà, ti Jàpáàn àti ti Ìlú Ọba. Ẹni tó gbọ́ pé pápá Ọsirélíà wà, tó ń tẹ pádì ẹ̀dà Amẹ́ríkà tọ̀sán tòru kó lè ṣí i, ọmọ dáadáa ni, ó kàn jẹ́ pé pápá náà kò sí nínú kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni.

Contra, tí ọ̀pọ̀ ilé gbá nílẹ̀ wa nígbà ayé kásẹ́ẹ̀tì, tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Yúróòpù, Probotector ló ń jẹ́, wọ́n sì ti sọ àwọn jagunjagun inú rẹ̀ di róbọ́ọ̀tì, torí bí Jámánì ṣe le lórí ìwà ipá tí wọ́n ń fi han ọmọdé. Ìtàn àti àwòrán ilẹ̀ wà nínú ti Jàpáàn tí kò sí nínú ti Amẹ́ríkà. Ká ní ẹnì kan rí àwọn àwòrán wọ̀nyẹn láìmọ ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ì bá búra pé òun ti rí mẹ́nù tí wọ́n fi pamọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tẹlifíṣàn, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ kì í fẹ́ gbọ́. Ìbàdàn, níbi tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní October 1959, kò ṣàjèjì sí tẹlifíṣàn, ṣùgbọ́n nígbà tí àwòrán aláwọ̀ dé, ètò PAL ni Nàìjíríà mú bíi ti Ìlú Ọba. PAL ń ta àwòrán ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, NTSC ti Amẹ́ríkà àti Jàpáàn ń ta á ní 60. Gẹ́èmù àtijọ́ ń fi àwòrán wọ̀nyí ka àkókò. Bí ọ̀pá agbára tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù bá gba 60 àwòrán kó tó kún, ìṣẹ́jú àáyá kan ni lórí NTSC. Lórí PAL, bí àwọn tó ṣe é kò bá tún un ṣe, ó di ìṣẹ́jú àáyá kan àti ìdá márùn-ún. Ọ̀dọ́ kan lè fi ẹ̀dà Yúróòpù gbá gọ́ọ̀fù bí ọ̀gá, kó wá bọ́ sórí ti Amẹ́ríkà, kó rò pé wọ́n ti ṣe ọwọ́ òun. Ẹlòmíràn á tiẹ̀ kéde pé òun rí "ipò jẹ́jẹ́" tí wọ́n fi pamọ́. Ètò tẹlifíṣàn lásán ni.

Bàbá tún ní òfin kan tó dà bí àwàdà: ẹni tí kò mọ gọ́ọ̀fù kò gbọdọ̀ tú gẹ́èmù gọ́ọ̀fù wò. Báwo ni yóò ṣe mọ ohun tó ṣàjèjì, nígbà tí kò mọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀? Pápá gọ́ọ̀fù kò sì jìnnà. Ọ̀kan wà nínú ọgbà IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé; òmíràn wà ní Oníreke láàárín ìgboro. Wọn kì í ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ẹni tó bá kàn kan géètì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti bá wọn gbé àpò igi gọ́ọ̀fù rí lè ṣàlàyé par, birdie àti bogey ju ìwé lọ.

Nígbà tí ọmọ bá ti mọ ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì mọ òfin eré, ni Bàbá tó máa gbà kó ṣí inú ìrántí ẹ̀rọ. Ibí ni wọ́n máa ń pẹ́ sí. Ìrántí tí NES, ẹ̀rọ gẹ́èmù àtijọ́ ti Nintendo, fi ń ṣiṣẹ́ kò ju kílóbáìtì 2 lọ, ìyẹn ààyè 2,048, ààyè kọ̀ọ̀kan sì ń gba nọ́ńbà kan láti 0 dé 255. Iye ìgbà tí a ti gbá bọ́ọ̀lù wà nínú ọ̀kan nínú wọn. FCEUX tàbí Mesen, àwọn ètò tó ń sọ kọ̀ǹpútà di NES, lè fi gbogbo ààyè náà hàn. Ọmọ tó bá ń kánjú á gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan, á ní kí wọ́n wá nọ́ńbà 1 fún òun. Nọ́ńbà 1 pọ̀ níbẹ̀ bí iyanrìn, gẹ́èmù míì sì lè máa ka ìgbá tó ń bọ̀ dípò èyí tó ti kọjá. "Má wá nọ́ńbà," ni Bàbá máa ń wí, "wá ohun tó yí padà." Kí ó gbá bọ́ọ̀lù, kó fi àwọn ààyè tó fi ẹyọ kan lé sílẹ̀, kó da ìyókù nù. Lẹ́yìn náà kó káwọ́ gbera láìtẹ nǹkan kan, kó wá da gbogbo ààyè tó ṣì ń yí nù, torí aago inú gẹ́èmù nìyẹn. Kó tún gbá a.

Ògo gọ́ọ̀fù nìyí nínú gbogbo gẹ́èmù: ó máa ń dúró de èèyàn. Nínú Contra, ọta ìbọn ò ní jẹ́ kó o káwọ́ gbera. Bí ìgbá mélòó kan bá ti kọjá, ààyè tó kù kì í ju díẹ̀ lọ, a sì lè yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan ká wo èyí tó kan iye tó ń hàn lójú ẹ̀rọ. Ẹ̀fúùfù, ibi tí bọ́ọ̀lù wà, igi tó wà lọ́wọ́, bí wọ́n ṣe ń wá gbogbo wọn nìyẹn. Ohun tí a bá sì rí ní ààyè kan nínú ẹ̀dà Amẹ́ríkà lè ti kó lọ síbòmíràn nínú ti Jàpáàn, nítorí náà a ní láti tún un wá.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nọ́ńbà kankan, kó kọ́kọ́ tọ́jú ibi tó bá eré dé. Gbogbo wọn mọ ìdí: iná lè lọ nígbàkigbà.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà ní ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n fi síbẹ̀ nítorí ohun kan náà, Bàbá sì kórìíra kí wọ́n máa pe gbogbo rẹ̀ ní "mẹ́nù debug", ìyẹn mẹ́nù tí àwọn tó ṣe gẹ́èmù fi ń dán an wò. Ní 1986, Kazuhisa Hashimoto ní Konami ń gbé Gradius wá sórí NES. Gẹ́èmù náà le fún òun alára, ó sì gbọ́dọ̀ dán an wò dópin. Ó wá fi kóòdù kan sí i: òkè lẹ́ẹ̀mejì, ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, B, A. Wọn kò yọ ọ́ kí gẹ́èmù tó jáde. Irinṣẹ́ nìyẹn, kóòdù yẹn kan náà ló sì wá ń fúnni ní ẹ̀mí ọgbọ̀n nínú Contra. Ti Warren Robinett yàtọ̀. Atari kì í jẹ́ kí orúkọ ẹni tó ṣe gẹ́èmù hàn, ló bá fi orúkọ rẹ̀ sínú yàrá kan nínú Adventure, èyí tó jẹ́ pé ẹni tó bá rí àmì tíńtín kan ló lè wọ̀ ọ́. Ó ti fi Atari sílẹ̀ kí ọmọdékùnrin kan láti Utah tó kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ náà pé òun rí i. Ìyẹn kì í ṣe irinṣẹ́, ọkùnrin kan ló ń béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ìkẹta ni pàǹtírí. Ní January 1999, Electronic Arts kó nǹkan bí 100,000 ẹ̀dà Tiger Woods 99 ti PlayStation padà kúrò lọ́jà. Fídíò The Spirit of Christmas, tí Trey Parker àti Matt Stone ṣe kí South Park tó bẹ̀rẹ̀, wà nínú sìdíì náà pẹ̀lú gbogbo èébú inú rẹ̀, nínú fáìlì tó ń jẹ́ zzdummy.dat. Kò sí bọ́tìnnì kankan nínú gẹ́èmù tó ń ṣí i. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti rí i. Ẹni tó bá lo ọjọ́ mẹ́ta láti wá kóòdù tó ń ṣí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kàn ń pààrà ibi tí kò sọnù sí ni.

Ti ilé wa tún ní wàhálà tirẹ̀. Ẹ̀dà Winning Eleven tí wọ́n ti fi jẹ́sì tuntun àti orúkọ agbábọ́ọ̀lù tuntun kún pọ̀ lọ́jà, ohun tí ọmọ bá rí nínú irú rẹ̀ lè má ti ọwọ́ Konami wá rárá. Bàbá ń fi SHA-1 yanjú èyí: ètò kan á ka gbogbo fáìlì, á sì mú ìlà kan jáde tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 40. Bí ẹyọ kan bá yí padà nínú fáìlì, ìlà náà kò ní jọ ti tẹ́lẹ̀ mọ́. No-Intro ní àkójọ irú ìlà bẹ́ẹ̀ fún kásẹ́ẹ̀tì, Redump ní ti sìdíì. Bí tìrẹ kò bá sí nínú wọn, fura.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, Bàbá á ní kí ọmọ kọ ohun tó rí sínú ìwé: ẹ̀dà, nọ́ńbà ara sìdíì, ìtẹ̀sí pádì bó ṣe tẹ̀ léra. Ẹni tó wà ní Lálúpọn á wá kà á lórí fóònù sí ẹni tó wà ní Àkànrán, láìfi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Bí ti Àkànrán kò bá rí i, iṣẹ́ kò tíì parí.

Fún àwọn tó bá rò pé nọ́ńbà ẹ̀dà kò já mọ́ nǹkan, Bàbá ní ìtàn Satoru Iwata. Òun ló kọ ètò Golf tí Nintendo gbé jáde ní Jàpáàn ní 1984, tó há ihò 18 sínú kásẹ́ẹ̀tì kékeré. Ó di ọ̀gá àgbà Nintendo ní 2002, ó sì kú ní July 11, 2015. Ní September 2017, àwọn tó ń tú Switch, ẹ̀rọ tuntun Nintendo nígbà náà, wò rí gẹ́èmù yẹn nínú rẹ̀, pẹ̀lú ètò tí wọ́n pè ní "flog", ìyẹn "golf" tí a kà látẹ̀yìn wá. Ọjọ́ àyájọ́ ikú rẹ̀ nìkan ló ń ṣí: èèyàn á mú Joy-Con, ìyẹn pádì Switch, méjèèjì lọ́wọ́, á sì na ọwọ́ síwájú bí Iwata ṣe máa ń ṣe nígbà tó bá ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ nínú fídíò. Aago tí ẹ̀rọ gbà láti íntánẹ́ẹ̀tì ló ń tẹ̀ lé. Bí kò bá tíì kan íntánẹ́ẹ̀tì rí, èèyàn lè fọwọ́ yí ọjọ́ padà. Ìgbà kan rèé tí àìní dátà ṣeni láǹfààní. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀dà 4.0 ti ètò Switch, Nintendo yọ ọ́ kúrò. Nítorí náà, bí ẹ̀gbọ́n kan bá fi Switch àlòkù ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀n sí Ẹgbẹ́dá, ohun tí Bàbá ní kí ọmọ ṣe ni pé kó lọ sínú ètò rẹ̀, kó ka nọ́ńbà ẹ̀dà tó wà níbẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so ó mọ́ Wi-Fi.