Ìwọ̀n Lọ́tọ̀, Owó Lọ́tọ̀

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò owó ilé kíkọ́, iṣẹ́ yín ń wù mí. Ohun tí àwa ń fi bírò kọ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ẹ̀yin á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ohun tó wọ ògiri á sì tò síbẹ̀: búlọ́ọ̀kù, sìmẹ́ǹtì, yanrìn, iṣẹ́ bíríkìlà, iṣẹ́ lébìrà. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ di irú àdìpọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo ilé tó bá tún dé lẹ máa lò ó fún. Bí ẹ bá wá dì í ní ìdìkudì ńkọ́?

Ẹ má fi orúkọ oníbàárà pe àdìpọ̀. Mo rí ọ̀kan tó ń jẹ́ "ògiri ilé Alájà, tuntun gan-an". Ta ni yóò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀? Ẹ pè é ní ohun tó jẹ́: ògiri ìpìlẹ̀, búlọ́ọ̀kù ínṣì 9, a fi kọnkéré dí ihò rẹ̀. Kí ògiri òkè wà lọ́tọ̀, nítorí a kì í sábà dí ihò tiẹ̀. Ẹ tò wọ́n bí ilé ṣe ń gòkè, láti orí ilẹ̀ gbígbẹ́ dé òrùlé, kí nọ́ńbà sì ṣáájú orúkọ. 01 ni kí ẹ kọ, kì í ṣe 1. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kọ̀ǹpútà lè gbé 10 ṣáájú 2.

Ọ̀rọ̀ ohun tó ń fọ́ ló ń dà yín láàmú jù. Ẹ wo búlọ́ọ̀kù ínṣì 9: gígùn rẹ̀ jẹ́ mílímítà 450, gíga rẹ̀ 225. Ògiri tó gùn ní mítà kan, tó ga ní mítà kan, bí a bá fi mílímítà 25 sílẹ̀ fún àpòpọ̀ sìmẹ́ǹtì, búlọ́ọ̀kù 8.4 ló máa gbà. Kí ló dé tí gbogbo wa ń kọ 10? Èyí tó máa fọ́ nínú ọkọ̀ àti èyí tí bíríkìlà máa gé ti wà nínú 10 yẹn. Ẹ̀yin á tún fi ìdá mẹ́wàá lé e nínú àdìpọ̀, ọ̀gá yín á tún fi tirẹ̀ lé e nísàlẹ̀ ìwé. Oníbàárà á gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ, ẹ ó ní ọjà ò yá. Ibì kan ṣoṣo ni kí ìfọ́ wà, kí ẹ sì kọ ọ́ sára àdìpọ̀ náà.

Owó kò gbọdọ̀ gbé inú àdìpọ̀. Ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2024, nígbà tí àpò sìmẹ́ǹtì kan fò kọjá 10,000 náírà láwọn ọjà kan, tí ìjọba àpapọ̀ àtàwọn tó ń ṣe é fi fẹnu kò sí 7,000 sí 8,000. Àpò náà ṣì jẹ́ kílò 50. Ẹni tó kọ iye owó sìmẹ́ǹtì sínú àdìpọ̀ kọnkéré, sínú ti ògiri, sínú ti ilé rírẹ́, á máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì gbàgbé ọ̀kan. Ẹ ní ojú ìwé iye owó kan ṣoṣo tí gbogbo àdìpọ̀ á máa wò, kí ẹ kọ ọjọ́ àti ọjà tí ẹ ti bèèrè síbẹ̀.

Bí ilé kan bá ní ìṣe tirẹ̀, ẹ da àdìpọ̀ kọ, ẹ̀dà ni kí ẹ tún ṣe. Nígbà tí wọ́n bá mọ ògiri tán, ẹ lọ ka àpò sìmẹ́ǹtì tó ṣófo níbi iṣẹ́. Bí ó bá ju ti àdìpọ̀ lọ, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ẹ̀yìnkùlé ni díẹ̀ gbà lọ, kí ẹ tó fọwọ́ kan nọ́ńbà inú àdìpọ̀.